Ìpinnu Yẹ Kó Ṣáájú Sípánà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ọkọ̀ Rẹ̀ Ti Gbó, Tó sì Ti Bàjẹ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé Ògèrè, abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn gòkè kọjá ààrin, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Toyota Camry ọdún 2004 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí a ń pè ní Big Daddy. Dípò kí n dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní kí n ṣáà máa rọra wà á títí n ó fi dé ilé epo tó wà níwájú. Ìwọ̀nba kìlómítà mẹ́fà tí mo fi kún un yẹn ló ba tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó wà láàrin orí ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dàpọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ dé Ìbàdàn, tí mẹkáníìkì fa géèjì ọ́ìlì yọ, ohun tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó ti dà bíi tíì tí a da mílíìkì sí. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé àpótí sípánà dé kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán. Mẹkáníìkì ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u ná, ká rí inú ẹ̀.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró, mo sì gbàgbọ́ títí di òní pé gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló gba owó mi là. Ọkọ̀ tí wọn kò tíì tú ṣì ní ọ̀nà mẹ́ta níwájú: ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè tà á bó ṣe wà, ẹ sì lè gbé e lọ fún ẹlòmíràn wò. Ní wákàtí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àwo ọ́ìlì, ọ̀nà méjì ti dí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò dá iye kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù lé e, mẹkáníìkì mìíràn kò ní fẹ́ gba iṣẹ́ tí òun kò tú, gbogbo àfikún tí wọ́n bá sì mẹ́nu bà lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa gbà tipátipá. Nítorí náà ni mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe tò wọ́n yìí: gbogbo ohun tí a fi ń pinnu ló ṣáájú, sípánà ló kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wádìí iye méjì

Iye méjì ni ọkọ̀ kan ní lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Èkíní ni iye tí wọn yóò rà á bó ṣe wà yẹn, pẹ̀lú àìsàn rẹ̀. Èkejì ni iye tí irú rẹ̀, ọdún kan náà, tó wà ní àlàáfíà, ń lọ lọ́jà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó fẹ́ tún un ṣe, ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò ní nǹkan kan í rí gbà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì wo iye tí àwọn tó ń polówó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pè é, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí wọ́n ń gbà.

Iye tí ẹ ra ọkọ̀ náà lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn kò sí lára ìṣirò yìí, owó tí ẹ san lórí gíà lọ́dún tó kọjá kò sì sí níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọn a ní, “Mo ti ná owó tó pọ̀ jù lórí ọkọ̀ yìí láti fi í sílẹ̀ báyìí.” Owó yẹn ti di omi tó dànù, ohun tí ẹ lè pinnu lé lórí ni owó tó kù lọ́wọ́ yín àti iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ṣì lè ṣe láti òní lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọlù yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan àpò yín. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé àwọn ọkọ̀ kúrò, ẹ gba ìwé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba nọ́ḿbà ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò ẹni náà. Láti Oṣù Kìíní 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ti sọ owó adójútòfò third party fún ọkọ̀ aládàáni di 15,000 náírà lọ́dún, adójútòfò bẹ́ẹ̀ sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí oníbàárà rẹ̀ bá bà jẹ́. Ẹ lè fi nọ́ḿbà ọkọ̀ náà wádìí lórí askNIID, ìkànnì tí a fi ń yẹ ìwé adójútòfò ọkọ̀ wò, bóyá ojúlówó ni ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ẹ̀bẹ̀ àti ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí a ó sì fi owó ara wa tún ohun tí òfin ti ní kí ẹlòmíràn tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ egungun wò ṣáájú inú, kí ẹ yẹ inú wò ṣáájú awọ

Mo máa ń pín ìbàjẹ́ ọkọ̀ sí mẹ́ta. Egungun ni irin tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Inú ni ẹ́ńjìnnì, gíà, bíréèkì àti ohun tó ń tutù ẹ́ńjìnnì. Awọ ni ọ̀dà, báńpà, iná àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń ba èrò wa jẹ́ ni pé awọ ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ọkọ̀ tí báńpà rẹ̀ ti já, tí iná rẹ̀ ti fọ́, lè dà bí òkú lójú, kó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló kù fún un. Òmíràn ń dán gbinrin, egungun rẹ̀ sì ti ṣẹ́.

Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a ń wà, Camry, Corolla, Honda Accord àti irú wọn, kò ní ṣáásì tó dá dúró bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ṣáásì. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe apá iwájú àti apá ẹ̀yìn kí ó lè wún bí nǹkan bá kọlù ú, kí agbára ìkọlù náà lè parí síbẹ̀ kó má dé ara ènìyàn. Bí irin wọ̀nyí bá ti wún lẹ́ẹ̀kan, tí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi iná gbóná rẹ̀, tó fà á, tó sì lù ú títí tó fi tọ́, ojú ni ó tọ́ sí. Agbára tó ní tẹ́lẹ̀ kì í padà, nítorí iná máa ń rọ irin líle. Ẹ kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí nǹkan yóò tún kọlù ú.

Bí ẹ ó ṣe yẹ egungun wò nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ wo àlàfo tó wà láàrin ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan àti ara ọkọ̀, kí ẹ fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ lókè tó sì há nísàlẹ̀, ẹ fura. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo irin gbọọrọ méjì tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ síwájú, bóyá ó wún níbì kan tàbí bóyá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ hàn tí kò dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù, kí ẹ yọ táyà àpamọ́, kí ẹ sì wo ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún wo abẹ́ ọkọ̀ fún irin tó ti dógùn-ún: ẹ fi orí sukurudíráfà kan án díẹ̀, bí ó bá wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì, irin ti tán níbẹ̀. Ní etíkun, láti Bàdágírì títí dé Lẹ́kkí, afẹ́fẹ́ iyọ̀ máa ń jẹ irin kíákíá ju ti òkè lọ.

Ọ̀rọ̀ táyà àpamọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí mo kà níbì kan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀ràn Ògèrè, bọ́ọ̀sì kan fi imú gbá Camry mi lẹ́yìn ní Ìwó Road. Lóde, báńpà àti ilẹ̀kùn búùtù nìkan ló bàjẹ́, pánẹ́ẹ̀lì bítà sì ní ọjọ́ mẹ́rin òun ó ti parí rẹ̀. Mo yọ táyà, mo fi iná fóònù wo ilẹ̀ búùtù. Irin tó yẹ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ ti wún bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ ká etí aṣọ, ìlà náà sì gùn títí dé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Ìpinnu lórí ọkọ̀ náà parí níbẹ̀. Egungun tó bá ti ṣẹ́ báyìí kò nílò ìṣirò owó kankan, ẹ lè fo ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin.

Bí egungun bá dára, ẹ kọjú sí inú. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná kọjá ààlà ni ẹ ó wò fún èéfín funfun tó ń tú jáde lẹ́nu sàláńsà láìdáwọ́ dúró, omi tó ń dínkù nínú rẹdíétọ̀ láìjẹ́ pé ó ń jò síta, àti ọ́ìlì tó ti pa àwọ̀ dà bí mo ṣe sọ. Ẹ má ṣí ọmọrí rẹdíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ó ti bó ojú àwọn ènìyàn. Ẹ ní kí wọ́n wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ tó. Ó yẹ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ ara wọn. Bí èyí tó kéré jù kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ga jù, àìsàn lè ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, kó má jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìdánwò yìí kò béèrè pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì nìkan ni wọn yóò yọ. Mẹkáníìkì tó bá ní òun kò ní irinṣẹ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ kí ẹ ra háàfù ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àlòkù, lọ́jọ́ kan náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì pe ẹlòmíràn.

Fún gíà tó ń yí fúnra rẹ̀, ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀ lórí bébà funfun. Pupa tó mọ́ ló yẹ kó jẹ́; bí ó bá ti dúdú, tó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná, tí ọkọ̀ sì ń lọ́ra kó tó gbéra lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sí D, owó ńlá ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì kú, nítorí ìdí tí mo fi ní bẹ́ẹ̀ yóò hàn nínú ìṣirò.

Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò lábẹ́ sítíárì tí a ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ohun tó ń kọ sílẹ̀ kì í ṣe orúkọ páàtì tó yẹ kí ẹ rà. Bí ó bá kọ P0420, ó ń sọ pé kátálíìsì, ohun tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Lọ́dọ̀ wa, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé kátálíìsì náà kúrò lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì ti tà á, nítorí irin iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń rìn. Kì í ṣe ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ tí omi bò dé ìjókòó yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011 mọ ohun tí omíyalé lè ṣe. Wáyà ọkọ̀ àti àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà lábẹ́ ìjókòó kì í kú lọ́jọ́ kan; wọn a máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan fún oṣù mélòó kan, rẹwáyà yóò sì di ọmọ ilé yín. Bí omi bá kọjá ìjókòó, èrò tèmi ni pé kí ẹ tà á fún àwọn tó ń ra ọkọ̀ fún páàtì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ gbogbo owó àtúnṣe sílẹ̀, títí kan èyí tí wọn kò sọ

Ẹ gba iye lọ́wọ́ ènìyàn méjì ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ya owó páàtì sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ fúnra yín béèrè iye páàtì ní Gate ní Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ ní Múṣin bí ẹ bá wà ní Èkó. Oríṣi mẹ́ta ni wọn yóò pè fún yín: tuntun ojúlówó, Bẹ́ljíọ̀mù tí í ṣe ojúlówó àlòkù láti òkè òkun, àti tuntun olówó pọ́ọ́kú tó jọ ojúlówó nínú páálí. Fún iná, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, Bẹ́ljíọ̀mù dára púpọ̀. Fún bíréèkì, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì àti béárìn, ẹ ra tuntun tó jẹ́ ojúlówó tàbí kí ẹ má rà rárá. Àlòkù bíréèkì kò sí nínú ohun tí mo lè gbà ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Háàfù ẹ́ńjìnnì ni mo ń bẹ̀rù jù nínú Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí ìdánilójú tí wọ́n ń fún ni kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ ìdápadà sórí rìsíìtì.

Ẹ fi owó tí wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ kún un, ẹ fi owó ọkọ̀ èrò tí ẹ ó máa san títí ọkọ̀ yóò fi jáde kún un, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà kún gbogbo rẹ̀, nítorí kò sí ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún tí bóòtì kan kò ní kán lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,120,000 náírà, 280,000 ni àfikún náà, 1,400,000 sì ni owó tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àfikún yẹn ni ọkọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù títí koríko yóò fi hù yí táyà rẹ̀ ká.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa béèrè bóyá ìdá kan wà tí owó àtúnṣe kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ ló ń sọ ọ́: ní New York, bí owó àtúnṣe bá dé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, wọ́n ti kà á sí ọkọ̀ tó parun, ní Florida, ìdá 80 ni, ní Texas, ìdá 100. Bí àwọn ará wa tó wà ní Houston ṣe ń rí ọkọ̀ rà ní gbàǹjo nìyẹn, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Àmọ́ owó iṣẹ́ wọ́n púpọ̀ níbẹ̀, páàtì tuntun sì ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, nítorí náà ilẹ̀kùn méjì àti éèbáàgì tó tú lè sọ ọkọ̀ di èyí tó parun. Nílé níbí, owó iṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù sì wà. Ìdá tiwọn kò lè jẹ́ òfin fún wa. Ìṣirò tó tẹ̀lé e yìí ni mo fọkàn tán jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ọkọ̀ méjèèjì sórí ìwọ̀n kan náà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a fi ọkọ̀ wa tí a mọ àìsàn rẹ̀ wé ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń dán ní ojú títì, tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí a sì kà á sí pé aláìsàn ń bá ẹni tí ara rẹ̀ le díje. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà ní àìsàn. Ẹni tó tà á ló mọ̀ ọ́n. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ ó ra táyà, ṣọ́ọ̀kù, bátìrì, ẹ ó pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì, ẹ ó sì san owó nọ́ḿbà àti ìwé. Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwọ̀n.

Ká ní ọkọ̀ yín, bó ṣe wà yẹn, yóò mú 1,500,000 wá, owó àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 1,400,000, ẹ ó ná 600,000 lórí ìtọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì, ẹ ó sì lè tà á ní 2,000,000 lópin ọdún méjì náà. Ẹ ro àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, kí ẹ yọ ìkẹrin kúrò: 1,500,000 ló kù, èyí tí í ṣe 62,500 náírà lóṣù. Ká ní èyí tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 6,000,000, ìwé àti iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 700,000, ìtọ́jú tó kù jẹ́ 400,000, ẹ ó sì lè tà á ní 4,500,000. Ohun tó jẹ yín jẹ́ 2,600,000, ìyẹn 108,333 náírà lóṣù. Iye tí mo lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Iye ọjà tiyín ni kí ẹ fi sí i.

Ìsinsìnyí ni ẹ ó wá mú gíà tó ń rùn yẹn jáde. Bí ó bá ṣeé ṣe kí ó kú láàrin ọdún méjì, tí títún un ṣe yóò sì jẹ́ 700,000, owó ti ọkọ̀ àtijọ́ ti di 91,667 lóṣù. Ó ṣì kéré ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ti kéré dé ibi tí àìbalẹ̀ ọkàn yín lójú ọ̀nà lè borí rẹ̀. Bí ohun ńlá méjì bá wà lórí ìwé yín báyìí, ẹ́ńjìnnì àti gíà, pípààrọ̀ ló dára jù nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, tí egungun sì dára, àtúnṣe ló sábà máa ń borí.

Ẹ wo owó ọwọ́ pẹ̀lú. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, 1,400,000 ni ẹ nílò láti tún un ṣe; láti pààrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta ti àtijọ́, 5,200,000 ni. Bí ẹ bá fẹ́ yá a, èlé rẹ̀ jẹ́ ara iye ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ dọ́là tún wà níbẹ̀: kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì, ní 2024 ó ti kọjá 1,400. Owó ibodè tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà lórí ọkọ̀ ń tẹ̀lé dọ́là, páàtì náà ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ mẹkáníìkì kò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àtúnṣe ti túbọ̀ ń borí lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá bá ènìyàn ṣe ìṣirò yìí. Bẹntiróòlù tí owó rẹ̀ gun òkè láti ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 2023 sì ti mú kí ọkọ̀ oní-sílíńdà mẹ́fà ṣòroó gbà tọwọ́tẹsẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe ni ìpinnu yín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó lè pa ènìyàn: bíréèkì, sítíárì, táyà, bẹ́líìtì ìjókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tó ń tutù ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ọ̀dà ló kẹ́yìn pátápátá. Kíkun ọkọ̀ tí rẹdíétọ̀ rẹ̀ ń jò ni fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí wọ́n bá ń ṣe tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ojú rẹ̀, nítorí irin tó gbóná jù máa ń wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n bá sì gbé lé ojú tó wọ́ yóò tún jó láàrin oṣù díẹ̀. Ẹ ra wọ́tà póńpù pẹ̀lú bí ti àtijọ́ bá ti ń jò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ thermostat sọnù, bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú àlàyé pé orílẹ̀-èdè wa gbóná. Òun ló ń mú kí ìgbóná ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan; ẹ́ńjìnnì tí kò ní i a máa mu epo jù, a sì máa jẹra kíákíá. Nígbà tí wọ́n tú Camry mi, kò sí thermostat nínú rẹ̀, omi ẹ̀rọ lásán ló sì wà nínú rẹdíétọ̀ dípò kúláàǹtì. Ihò inú rẹ̀ ti dógùn-ún pátápátá, omi kò sì ráyè kọjá mọ́. Ohun tó ṣe mí ní Ògèrè nìyẹn, gásíkẹ́ẹ̀tì kàn gba ìyà rẹ̀ ni.

Ẹ bá mẹkáníìkì lọ sọ́jà, kí ẹ gba páàtì àtijọ́ padà, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ ní ìpín mẹ́ta: nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ó bá jẹ́ pípààrọ̀ ni

Ẹ lo gbogbo ìgbésẹ̀ kejì fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì fi èyí kún un. Nọ́ḿbà VIN, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ní lẹ́tà àti òǹkà 17, kì í sì í ní I, O tàbí Q nínú. Fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 5 dúró fún 2005, A dúró fún 2010. Ẹ rí i pé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ àti èyí tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bára mu. Láti Oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ojú ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Cotonou láìsan owó ibodè ni kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, owó yín yóò sì bá a lọ.

Bí ẹ bá ń wo Camry tí a ń pè ní Muscle, ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ tó wà á, nítorí àwọn kan nínú ẹ́ńjìnnì 2.4 lítà ọdún 2007 sí 2009 máa ń jẹ ọ́ìlì gan-an, Toyota fúnra rẹ̀ sì fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àfikún ìdánilójú lórí rẹ̀. Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹni tó bá ti ta iná sí i kí ẹ tó dé lè ní ohun tó ń fi pamọ́. Bí iná éèbáàgì kò bá tàn rárá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin tí ìjókòó ń fà lórí: ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀ túmọ̀ sí ọkọ̀ omíyalé, ìbáà ṣe ti ibí ni o, ìbáà ṣe ti Houston ọdún 2017.

Ní ti ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tà, ẹ sọ àìsàn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra Camry mi lẹ́yìn ọ̀ràn Ìwó Road mú 1,900,000 wá nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ní ìyàwó òun ni yóò máa fi gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù fún un, mo fi ìlà tó wún náà hàn án, kò sì rà á. Oníṣòwò páàtì kan láti Gate ló rà á lọ́sẹ̀ kejì ní 1,100,000, nítorí ẹ́ńjìnnì, gíà àti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé fún títú sí páàtì nìkan ni, kì í ṣe fún wíwà, àwa méjèèjì buwọ́ lù ú, mo sì fúnra mi tú nọ́ḿbà iwájú àti tẹ̀yìn kí wọ́n tó wọ́ ọ jáde ní àgbàlá.